Ọdún karùn-ún rèé, àdúrà ò wọ ẹnu mi mọ́

ÌyáẸlẹ́wà_Arákàlẹ̀ (Ọjọ́rú, aago 11:42 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, n kì í dá sí i. Alẹ́ òní ni ọ̀rọ̀ kún mi nínú débi tí mi ò lè gbé e mì.

Oṣù Kẹwàá 2020 ni rọpárọsẹ̀ kọlu ọkọ mi. Ó jí láàárọ̀, ó fẹ́ wọ bàtà, ọwọ́ ọ̀tún ò dáhùn, ẹsẹ̀ ọ̀tún ò dáhùn, ẹnu ti wọ́. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, òun náà ló sì ń kọ báàsì nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Ohùn tó jẹ́ pé bó bá ń sọ̀rọ̀ ní pálọ̀, ìdérí ìkòkò á máa gbọ̀n ní ilé ìdáná. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu rẹ̀: "Ó dáa." Ebi ń pa á, "Ó dáa." Ó tọ̀ sára, "Ó dáa." Inú bí i lọ́jọ́ kan, ó fi ọwọ́ òsì gbá abọ́ ẹ̀kọ dànù, ó wò mí lójú, omijé ń dà, ó ní, "Ó dáa, ó dáa, ó dáa."

Ní ọdún kìíní, ẹ ò lè rí ẹni tó nígbàgbọ́ jù mí lọ l'Ákùúrẹ́ yìí. Mo gbààwẹ̀, mo ṣọ́ òru, mo san ẹ̀jẹ́. Àwọn ará ìjọ ń wá, yàrá ò gbà wọ́n. Ní ọdún kejì, wọ́n dín kù. Ní ọdún kẹta, bàbá kan nínú àwọn àgbà ìjọ pè mí sẹ́yìn ilé, ó ní kí n bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ kó jẹ́wọ́ ohun tó ṣe ní kọ̀rọ̀. Mo ní, "Dádì, kí ló máa fi jẹ́wọ́? Ṣé 'Ó dáa'?"

Ẹ̀wà ni mò ń sè tà. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo máa ń gbé e kaná, kó tó jinná ni mo máa ń gbàdúrà. Ní báyìí, mo kàn máa ń jókòó ti ìkòkò ni. Mo máa la ẹnu, kò ní sí nǹkan kan. Mi ò bá Ọlọ́run jà o, mi ò sì sọ pé kò sí. Ọ̀rọ̀ ló tán. Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, mi ò rí ẹni tí màá fi ọkọ mi sílẹ̀ tì, mo jókòó sílé. Ohun tó wá ń dẹ́rù bà mí ni pé ara tù mí pé n kò lọ.

Ṣé mo ti kúrò nínú ìgbàgbọ́ nìyẹn? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má wí fún mi pé yóò dáa. Mò ń gbọ́ "ó dáa" nílé tó.

Tẹ́nọ̀_Òkèàrò (Ọjọ́rú, aago 11:58 alẹ́)

Ẹ kú ìtọ́jú o, Mà. Ẹ kú ìrọ́jú. Mi ò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ, mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé mo kà á dópin.

Iná_Orí_Òkè (Ọjọ́bọ̀, aago 5:10 ìdájí)

Mọ́mì, ẹ kú àmúmọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Àrùn tó bá lọ tààrà sínú ọ̀fun akọrin, ojú lásán kọ́. Ẹ gbé Dádì lọ sórí òkè, ọjọ́ mọ́kànlélógún, omi àdúrà nìkan, kí wọ́n pa gbogbo oògùn tì. Ṣé ẹ ti gbàgbé pé ojú ọ̀nà agbègbè wa yìí náà ni Ọlọ́run ti pe Bàbá Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní 1928, nígbà tí ẹ̀rọ tó fi ń tẹ títì dúró gbọn-in tí kò lọ mọ́? Ọlọ́run ìgbà náà ò tíì kú. Àwọn bàbá wa ò lo ìgbàgbọ́ mọ́ hóró oògùn.

Nọ́ọ̀sì_Ìjàpọ̀ (Ọjọ́bọ̀, aago 7:25 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n Iná, ẹ foríjì mí, èyí ò ṣeé dákẹ́ sí. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti ṣe lẹ́ẹ̀kan, tó wá já oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀ lójijì, èkejì lè dé, ó sì lè burú ju èkíní lọ. Mo ti rí i. Orí òkè ni wọ́n ti máa ń gbé wọn bọ̀ lọ́dọ̀ wa, nínú ọkọ̀ tí wọ́n háyà lóru, ẹbí á máa sáré wá káàdì kiri. Mà, bẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ sórí òkè, ẹ lọ, ẹ jẹ́ kí oògùn wà nínú báàgì, kí ìkòkò ọbẹ̀ sì wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ "Ó dáa" yẹn wá ńkọ́? Kò sí àdììtú nínú rẹ̀. Apá òsì ọpọlọ ló ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, níbẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ sísọ ń gbé lára ọ̀pọ̀ jù lọ ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ ọ̀tún àti ọ̀rọ̀ fi jọ lọ lọ́jọ́ kan náà. Ẹlòmíràn, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ló máa ṣẹ́kù fún un. Ẹnìkan tí mo tọ́jú rí, "Lọ́la" ni tirẹ̀. Wọ́n sì sábà máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ju bí a ṣe rò lọ, nítorí náà ẹ má gbà kí àlejò kankan máa sọ̀rọ̀ bàbá lójú bàbá, bí ẹni pé àga ló jókòó síbẹ̀.

Ẹ ti gbìyànjú orin fún wọn? Ẹni tí kò lè sọ "ẹ fún mi lómi" lè kọ orin tó ti mọ̀ láti kékeré, tọ̀rọ̀ tọ̀rọ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn o, mi ò ṣèlérí. Ẹ kàn bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kẹ́ ẹ dákẹ́ láàárín ìlà.

Olùkọ́Ìjọ_Oǹdó (Ọjọ́bọ̀, aago 1:03 ọ̀sán)

Màmá, mo kí yín láti Oǹdó. Mo ti ṣe olùkọ́ ìjọ fún ogún ọdún ó lé, mo sì ti sọ ọ̀pọ̀ ìsọkúsọ lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn kí n tó kọ́gbọ́n.

Kí n kọ́kọ́ dá ẹni wa Iná lóhùn. Bàbá Babalọlá tẹ́ ẹ dárúkọ, àdúrà rẹ̀ gbóná, kò sẹ́ni tó lè jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ parí ìtàn náà. Ní 1932, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin. Mo gbà pé ó gbàdúrà kó má lọ, ó lọ. Ní ti oògùn, ẹ̀yin kọ́ lẹ ó kọ́kọ́ jà sí i. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì Apostolic láti ilẹ̀ Wales dé sáàárín àwọn bàbá wa láàárín 1930 sí 1940, tí àwọn kan rí i pé wọ́n ń lo kinín-ín fún ibà, ó di ìjà, ó sì wà lára ohun tó pín ìjọ náà níyà. Olùfọkànsìn wà ní ìhà méjèèjì. Torí náà, ẹ má ṣe bí ẹni pé ẹni tó gbé oògùn sẹ́nu ti sẹ́ Jésù.

Ó wá ku ìbéèrè yín, Màmá. Ẹ ṣí Orin Dáfídì 88. Àwọn orin arò yòókù, bó ti wù kí wọ́n ṣú tó, púpọ̀ nínú wọn ló máa ń yí padà nígbẹ̀yìn, "síbẹ̀ èmi ó yìn ọ́". Ti 88 ò yí padà. Inú òkùnkùn ló parí sí. Ẹni tó kọ ọ́ ò rí ìlà ìkẹyìn tó dùn kọ, àwọn tó to Bíbélì jọ ò sì bá a fi kún un, wọn ò sì yọ ọ́ dànù.

Ẹ tún wo Èlíjà nínú Ọba Kìíní 19. Ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun, ó sùn. Áńgẹ́lì ò bi í pé ọjọ́ mélòó lo fi gbààwẹ̀. Àkàrà tí a dín lórí ẹyín iná àti omi ló gbé kalẹ̀ fún un. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn. Wọ́n tún jí i, ó tún jẹ. Ẹ̀yìn oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mejì ló tó kan ọ̀rọ̀.

Wákàtí mélòó lẹ fi ń sùn?

Mi_Ò_Lọ_Mọ́ (Ọjọ́bọ̀, aago 4:40 ìrọ̀lẹ́)

Ẹni tó ní ara tu òun pé òun ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì ló sọ òótọ́ jù nínú gbogbo yín.

Láti 2019 lèmi ti fi í sílẹ̀. Ìyá mi ní jẹjẹrẹ ọyàn. Ní gbogbo ìgbà tó ń jẹ̀rora, wọ́n ní ìgbàgbọ́ wa ló kéré. Lọ́jọ́ ìsìnkú, àwọn kan náà ní àsìkò Ọlọ́run ló tó. Ìgbà wo ló kúrò lọ́wọ́ ìgbàgbọ́ wa tó bọ́ sọ́wọ́ àsìkò Ọlọ́run? Mi ò rí ẹni dá mi lóhùn títí di òní. Mi ò mọ̀ bóyá Ọlọ́run wà tàbí kò sí, mi ò sì jà lé e lórí. Àwọn tó ń bá a sọ̀rọ̀ ni mi ò lè jókòó tì.

Iná_Orí_Òkè (Ọjọ́bọ̀, aago 4:52 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀mí iyèméjì lẹ fẹ́ gbìn sínú ìyá onírora yìí. Ọlọ́run yóò

Alámòójútó (Ọjọ́bọ̀, aago 5:00 ìrọ̀lẹ́)

Mo ti gé ìyókù èyí tó wà lókè. Ẹni tó bá fẹ́ ṣépè kó lọ ṣe é nílé rẹ̀. Ẹ má sì kọ nọ́ńbà fóònù tàbí àdírẹ́sì síta gbangba o, ojú pọ̀ níbí.

ỌmọỌ̀wọ̀ (Ọjọ́bọ̀, aago 9:15 alẹ́)

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan, ó lè má jọ ìdáhùn.

Gbogbo yín lẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú wa, Ọ̀wọ̀, ní 5 Oṣù Kẹfà 2022, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, ní ìjọ Kátólíìkì St Francis. Ó tó 40 ènìyàn tí wọ́n pa, tọmọdé tàgbà, nínú ilé Ọlọ́run. Ìjọ mìíràn ni mò ń lọ, mi ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n aládùúgbò mi kan pàdánù ènìyàn rẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí ìyá yẹn tún bẹ̀rẹ̀ sí lọ ṣọ́ọ̀ṣì, kì í kọrin. Kì í kúnlẹ̀. Yóò jókòó sẹ́yìn pátápátá, nítòsí ilẹ̀kùn, àpò rẹ̀ á wà lórí itan, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé, "Màmá, kí lẹ wá ń lọ ṣe?" Ó ní, "Mò ń lọ jókòó ni. Àwọn tó kù ló ń bá mi gbàgbọ́ lásìkò yìí."

Mi ò lóye ọ̀rọ̀ náà nígbà yẹn. Mo kàn wọlé lọ.

ÌyáẸlẹ́wà_Arákàlẹ̀ (Ọjọ́bọ̀, aago 11:30 alẹ́)

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo sì ń sunkún, ṣùgbọ́n ẹkún náà dára. Ẹ ṣé.

Olùkọ́, wákàtí mẹ́ta, nígbà míràn mẹ́rin. Mo gbọ́dọ̀ yí i padà lóru kí egbò má bàa yọ lẹ́yìn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì, oògùn rẹ̀ ń lọ dáadáa, kò já rí, àfi ìgbà tí owó kò bá sí. Ẹ̀yin tẹ́ ò lọ mọ́, ẹ kú àfẹ́kù Màmá. Mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá yín lóhùn. Ká ní mo mọ̀ ọ́n ni, màá ti sọ ọ́ fún ara mi.

Iná, mo mọ̀ pé ire lẹ fẹ́ fún wa. A ti lọ sórí òkè ní 2021. Èmi ni mo gbé e pọ̀n díẹ̀ lójú ọ̀nà, ó sì wúwo ju mí lọ.

BàbáOníKòkó (Ọjọ́ Ẹtì, aago 6:20 àárọ̀)

Láti àná ni mo ti ń retí kí ẹnìkan pa òwe oko. Kò sẹ́ni tó pa á, mo dúpẹ́.

Àgbẹ̀ ni mí, lọ́nà Bọ́lọ́rundúró. Nígbà tí àìsàn fòníkúfọ̀ladìde ń yọ ọmọ mi lẹ́nu, tí a ń wọlé jáde ilé ìwòsàn, oríṣiríṣi oníwàásù ló fi kòkó ṣàpẹẹrẹ fún mi. Wọ́n ní a kì í gbin kòkó lónìí ká ká a lọ́la. Òótọ́ ni, ó ń tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó so dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pa òwe yẹn ò dáko kòkó rí. Òjò Oṣù Keje á máa rọ̀, kò ní dáwọ́ dúró, èso á dúdú lórí igi, á jẹrà kó tó gbó, ìwọ tó o dúró dè é fún ọdún márùn-ún á sì dúró wò ó. Kòkó ò ṣe é fi tu ẹnikẹ́ni nínú.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ rèé. Ọkùnrin kan nínú ìjọ wa, tí kì í dìde gbàdúrà sókè rí, wá sóko mi lọ́jọ́ méjì, ó bá mi ro ó. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó mu omi, ó gbé àdá rẹ̀, ó lọ.

Ọmọ náà ò yè. Ọdún kẹsàn-án rèé. Mo ṣì ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ má bi mí nídìí rẹ̀ o, mi ò lè rò ó já.

Olùkọ́Ìjọ_Oǹdó (Ọjọ́ Ẹtì, aago 2:17 ọ̀sán)

Ọ̀rọ̀ ìyá Ọ̀wọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn lánàá, mo bá dìde tan iná, mo ṣí Máàkù orí kejì. Ọkùnrin ẹlẹ́gbà tí wọ́n dá òrùlé lu nítorí rẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n. Àìmọye ìgbà ni mo ti wàásù lórí ibẹ̀. Ẹ ka ẹsẹ karùn-ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Nígbà tí Jésù rí ìgbàgbọ́ wọn." Wọn. Àwọn mẹ́rin tó gbé e ni. Ẹlẹ́gbà náà fúnra rẹ̀ ò sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn dópin. Bóyá ó gbàgbọ́, bóyá ó ti sú u, bóyá ó ń bínú pé wọ́n ń da eruku òrùlé lé òun lójú, Máàkù ò sọ ọ́.

Màmá, láti bí ọdún márùn-ún, ẹ̀yin nìkan lẹ ń di igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹní náà mú. Lójú tèmi, ìgbàgbọ́ ò kúrò lára yín. Apá ló ń ro yín.

Ta ló wà l'Ákùúrẹ́ nínú yín? Àkùúrẹ́ jìnnà díẹ̀ sí mi láràárọ̀ Ìsinmi, ìsìn ń bẹ lọ́rùn mi.

Nọ́ọ̀sì_Ìjàpọ̀ (Ọjọ́ Ẹtì, aago 3:02 ọ̀sán)

Mi ò sí lẹ́nu iṣẹ́ ní Ìsinmi méjì lóṣù. Mo lè bá wọn lọ, tàbí kí n dúró ti bàbá kí Màmá lè sùn. Alámòójútó, ẹ bá mi fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ ránṣẹ́ sí wọn.

Tẹ́nọ̀_Òkèàrò (Ọjọ́ Ẹtì, aago 3:20 ọ̀sán)

Mo lè gbé ènìyàn. Bíríkìlà ni mí.

Iná_Orí_Òkè (Ọjọ́ Ẹtì, aago 6:44 ìrọ̀lẹ́)

Mọ́mì, ẹ foríjì mí. Mi ò mọ̀ pé ẹ pọ̀n ọ́n. Bẹ́ ẹ bá jí ní aago mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ ò wá, ẹ gbájú mọ́ ẹ̀wà yín. Aago mẹ́rin lèmi náà ń jí. Màá máa dárúkọ yín.

Mi_Ò_Lọ_Mọ́ (Ọjọ́ Ẹtì, aago 10:09 alẹ́)

Mo ní ọkọ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́, màá gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà, màá sì gbé wọn padà. Mi ò ní wọlé o. Inú mọ́tò ni màá jókòó sí.

ÌyáẸlẹ́wà_Arákàlẹ̀ (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ọjọ́ Ajé, aago 8:50 alẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ṣèlérí pé màá padà wá sọ bó ṣe lọ.

Ní ti orin, mo gbìyànjú rẹ̀ ní ilé fún ọjọ́ mẹ́wàá, kò sí nǹkan kan. Ó kàn ń wò mí. Mo ti fẹ́ jáwọ́.

Lánàá, a gbé e lọ. Ẹ ò mọ ohun tó ná wa: aago méje la ti ń wọ aṣọ fún un, bọ́tìnnì nìkan gba ogún ìṣẹ́jú torí ó fẹ́ dè é fúnra rẹ̀, ọwọ́ òsì. Bíríkìlà wa gbé e bí ẹni gbé àpò sìmẹ́ńtì, ó sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ẹ̀yìn la jókòó sí. Nígbà tí wọ́n kọ orin kejì, èyí tí ẹgbẹ́ akọrin ti ń kọ láti ayébáyé, mo gbọ́ nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo rò pé ọkọ̀ ńlá ló ń kọjá níta. Òun ni. Ó pẹ́ kó tó wọlé, ó sì ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n ìlà báàsì ni, ọ̀rọ̀ sì wà nínú rẹ̀, ìlà kan àbọ̀. Ọ̀gá akọrin yíjú padà, kò lè darí orin mọ́. Ó dákẹ́ lẹ́yìn náà. Nígbà tí ìsìn parí, mo ní, "Bàbá, ẹ kọrin!" Ó wò mí. "Ó dáa."

Bàbá àgbà ìjọ ọjọ́sí yẹn wá kí wa. Ó bọ ọkọ mi lọ́wọ́, kò sọ nǹkan kan. Mi ò tíì mọ̀ bóyá mo ti dárí jì í.

Kẹ́ ẹ má baà rò pé gbogbo rẹ̀ ti tán: àdúrà ò tíì padà. Láàárọ̀ yìí, mo jókòó ti ìkòkò, mo ní "Olúwa", ó dúró síbẹ̀. Mo rántí pé ẹnìkan ń dárúkọ mi lásìkò náà, mo bá ro ẹ̀wà mi kó má jóná.

Ọ̀gá onímọ́tò, abọ́ tẹ́ ẹ fi jẹun nínú ọkọ̀, ìdérí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín. Ọjà ń lọ, mo nílò rẹ̀.

Mi_Ò_Lọ_Mọ́ (Ọjọ́ Ajé, aago 9:14 alẹ́)

Mo rí i lábẹ́ àga. Màá mú un bọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi.